Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn Kì Í Ṣòfò: Ìwáàsù Jímọ̀ Lórí Owó Ẹ̀mí

Ìwáàsù Kìn-ín-ní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀mí, tí ó sì ka pípa ẹ̀mí kan láìtọ́ sí ohun tí ó wúwo bí ẹni pé a pa gbogbo ọmọ ènìyàn. A ń dúpẹ́ fún Un, a ń wá ìrànwọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Òun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí wúwo, nítorí ó kan ilé tí ikú ti wọ̀. Kì í ṣe ikú ogbó tàbí ikú àìsàn ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ikú tí ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀: ọkọ̀ tí wọn kò tún búrèkì rẹ̀ ṣe, ilé alájà tí wọ́n fi irin tí kò tó kọ́, abẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún. Nígbà tí irú ikú bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ni ẹ̀tọ́ àwọn tí òkú fi sílẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí béèrè owó lórí ikú èèyàn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ojú wa ń rí ní agbègbè yìí, láti Ìjàre dé Ìgbàrà-Òkè, títí dé Àkúrẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé gbá baálé ilé kan lórí ọ̀kadà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni a wẹ̀ ẹ́, tí a kírun sí i lára, tí a sì sin ín, gẹ́gẹ́ bí Sunnah ti là á kalẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn tó ni ọkọ̀ dé. Wọ́n kó àgbà lẹ́yìn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan àti owó ìsìnkú kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Àwọn ẹbí ń wo ojú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ní, "A ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun." Ìwé kan jáde láti inú báàgì, ó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i. Wọn kò pe ìyàwó, ẹni tí ó jókòó sórí ẹní opó nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù, ìrẹsì yẹn ni a sì sè. Nígbà tí àwọn ọmọ yóò padà sí ilé-ìwé ní oṣù kẹsàn-án, obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì mọ́sáláṣí láti béèrè bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú àpótí sàráà.

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni a ń bá wí. Irú rẹ̀ ti wá bá wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ nínú mọ́sáláṣí yìí. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò ni èyí: nígbà tí ẹ̀gbọ́n sọ pé òun ti fi í sílẹ̀, ohun ta ni ó fi sílẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kádàrá, nítorí òun ni wọ́n máa ń fi dí wa lẹ́nu. A gbà pé kò sí ẹ̀mí tí yóò kú láìjẹ́ pé àkókò tí Ọlọ́hun kọ fún un pé. Ìgbàgbọ́ wa nìyẹn, ẹni tó bá ṣiyèméjì lórí rẹ̀, kí ó tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe. Àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àrá sán lórí Òkè Ọwá ní ìlú wa yìí, ó sì pa màálù 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olúkúlùkù ní ohun tí ó sọ nípa rẹ̀ nígbà náà, a kò ní padà sórí ìyẹn. Kò sí ẹni tí a lè pe àrá lẹ́jọ́ sí lọ́dọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ní Àkùngbá-Àkókó, ọkọ̀ àjàgbé tó kó sìmẹ́ńtì ya bàrá kúrò lójú títì, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin. Ẹ̀mí ṣòfò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Èyí náà kò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè nínú tí àrá kò ní: ta ló yẹ ọkọ̀ náà wò kí ó tó gbéra? Ta ló di ẹrù rẹ̀, báwo ni ẹrù náà sì ti wúwo tó? Ta ló mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wà níbẹ̀, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí i? Ọlọ́hun tó kọ kádàrá ni Ó tún kọ òfin. Ẹni tó bá di kádàrá mú láti fi sá fún òfin, ìdajì ẹ̀sìn ló dì mú.

Òfin náà wà nínú Súrátù Nisáì, áyà kejìléláàádọ́rùn-ún. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti là á yé wa pé ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, ohun méjì ló di dandan fún un: kàfárà, èyí tí í ṣe gbèsè àárín òun àti Ọlọ́hun, àti díyà, èyí tí a lè pè ní owó ẹ̀mí, tí yóò jẹ́ fífi lé àwọn ará ilé òkú lọ́wọ́, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá fi í ṣe sàráà. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ṣèèṣì ni áyà yìí ń bá wí. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Kò ní ìkà nínú. Síbẹ̀, "mi ò mọ̀ọ́mọ̀" kò mú gbèsè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó mú kúrò ni ẹ̀san ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣé kí á ta èèyàn wa ni?" Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn wá, nítorí ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí Ànábì wa ṣe. Sàábé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abdullahi ọmọ Sahli lọ sí Khaybar, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti fẹ̀sùn kan àwọn ará Khaybar. Ẹni tó kéré jù nínú wọn, àbúrò òkú gan-an, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Ànábì sì ní kí ó jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí ẹ óò sọ jẹ́ èyí tí yóò gbé ọmọdé nídìí.) Ó béèrè ẹlẹ́rìí, wọn kò ní. Ó ní kí àádọ́ta nínú wọn búra, wọ́n ní àwọn kò lè búra lórí ohun tí ojú àwọn kò rí. Ó ní kí àwọn ará Khaybar búra, wọ́n ní àwọn kò lè gba ìbúra wọn gbọ́. Ọ̀rọ̀ há. Kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Ànábì fúnra rẹ̀ wá san ọgọ́rùn-ún ràkúnmí fún àwọn ẹbí òkú, nítorí ó kórìíra kí ẹ̀jẹ̀ náà lọ lásán.

Ǹjẹ́ ràkúnmí ọgọ́rùn-ún ni iye Abdullahi? Rárá o. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi san án ni pé ẹ̀mí rẹ̀ ní ìwọ̀n lójú Ọlọ́hun, ilé tó fi sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ tún wo apá kejì ìtàn náà: àwọn ẹbí kò purọ́. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ lọ́rùn, wọ́n ní ìbínú lọ́kàn, wọ́n sì kọ̀ láti búra lórí ohun tí wọn kò rí. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ òkú rẹ̀, kò gbọdọ̀ rá ẹlẹ́rìí èké wá.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Mákà, Ànábì rán Khalid ọmọ Walidi sí àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Banu Jadhima. Àṣìgbọ́ kan wáyé, Khalid sì pa nínú wọn. Nígbà tí ìròyìn dé, Ànábì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní òun bọ́ lọ́wọ́ ohun tí Khalid ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kò dúró síbẹ̀. Kò ní, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni." Ó kó owó lé Ali lọ́wọ́, Ali sì lọ san owó ẹ̀mí gbogbo ẹni tó kú, ó san owó dúkìá tó bàjẹ́, àní títí kan igbá tí ajá fi ń mu omi. Nígbà tí owó ṣẹ́ kù, ó tún fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn, nítorí ohun tí wọ́n lè ti gbàgbé. Ọ̀gágun rẹ̀ ló ṣe é, òun gẹ́gẹ́ bí olórí ló sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà fún yín, ìtàn yín nìyí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè tí a fi sílẹ̀: ohun ta ni ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀? Sayyidina Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ti fìgbà kan rí gbà pé ìyàwó kò ní ìpín nínú owó ẹ̀mí ọkọ rẹ̀, pé ti àwọn ẹbí ọkùnrin ni. Dahhak ọmọ Sufyan wá sọ fún un pé Ànábì kọ ìwé sí òun nígbà ayé rẹ̀, pé kí òun fún ìyàwó Ashyam ní ìpín rẹ̀ nínú owó ẹ̀mí ọkọ rẹ̀. Umar, olórí gbogbo Mùsùlùmí nígbà náà, fi èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yé àwọn onímọ̀ pé ogún ni owó ẹ̀mí. A óò kọ́kọ́ san gbèsè òkú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà a óò pín ìyókù bí Ọlọ́hun ti pín ogún: ìyàwó tó ní ọmọ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, bàbá àti ìyá olóògbé kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin náà bá fi ọmọkùnrin sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fọwọ́ sí ìwé kò ní kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ tirẹ̀ ló fi tọrẹ.

Ìdáríjì dára. Nínú Súrátù Bákárà, áyà ìkejìdínlọ́gọ́sàn-án, Ọlọ́hun pe àyè ìdáríjì ní ìdẹ̀rùn àti ìkẹ́ láti ọ̀dọ̀ Rẹ̀, a kò sì ní sọ ohun tó yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti bàlágà nínú àwọn ajogún lè dárí ìpín tirẹ̀ jì, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kò lè dárí ìpín ẹlòmíràn jì. Ìpín ọmọ òrukàn kò sì ní ẹni tó lè dá a jì, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ alágbàtọ́, ì báà jẹ́ Ìmáàmù. Dídọ̀bálẹ̀ kò pa á rẹ́, omijé kò pa á rẹ́, orúkọ ìdílé kò pa á rẹ́. A ń sọ ọ́ ketekete kí àwọn àgbà tí wọ́n máa ń sin oníbẹ̀bẹ̀ lọ lè mọ ibi tí agbára ẹ̀bẹ̀ wọn mọ. Àwọn kan tún máa ń bẹ̀rù pé owó tí a gbà lórí òkú yóò jó ẹni lọ́wọ́. Ohun tó ń jó ni dúkìá ọmọ òrukàn tí a jẹ láìtọ́. Súrátù Nisáì, áyà kẹwàá, pè é ní iná tí ẹni tó jẹ ẹ́ ń jẹ sí ikùn.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ilé-ẹjọ́ Ṣàríà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òndó tí yóò dá díyà fún wa. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba ni ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ irú èyí yóò gbà lọ, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ tiwa kò mọ ẹ̀tọ́ yìí títí di ọdún 1846. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ṣẹ́ ọ lẹ́sẹ̀, yóò san án. Bí ó bá pa ọ́, kò san nǹkan kan, nítorí ẹjọ́ ti bá òkú lọ. Ó ju ọdún 1,200 lọ lẹ́yìn tí Ànábì ti kọ̀wé nítorí ìyàwó Ashyam kí wọ́n tó ṣe òfin pé kí opó àti ọmọ lè pe ẹjọ́. Bí wọ́n bá ti wá dé ibi tí ẹ̀sìn wa ti wà tipẹ́, kí ló dé tí àwa fúnra wa fi ń sá kúrò níbẹ̀?

A kò ní tàn yín pé ọ̀nà náà kúrú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú Dana tó ń bọ̀ láti Àbújá já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgá, ní Èkó. Gbogbo ènìyàn 153 inú rẹ̀ ló kú, ó sì tún pa nínú àwọn tó wà nílẹ̀. Òfin ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún 2006 tó wà nígbà náà sọ pé 100,000 dọ́là ni ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan, àti pé 30,000 dọ́là nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ àwọn ẹbí lọ́wọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí lo ọdún lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní láti fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dá òkú mọ̀, wọ́n sì ní láti gba ìwé àṣẹ àkóso ohun ìní òkú ní ilé-ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó rí owó tó kù gbà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ kan ọ̀dọ̀ wa níbí: ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé òkú gómìnà wa àtijọ́, Olúṣẹ́gun Agagu, bọ̀ ní Àkúrẹ́ já lulẹ̀ ní Èkó bí ó ṣe gbéra. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì kú. Dèjì Fálaè, kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ wa, wà lára àwọn tó kú. Àwọn tó ń sin òkú bọ̀ wálé di òkú.

Ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Pfizer sì wá dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà. Wọ́n fún ìdajì ní oògùn tuntun, wọ́n fún ìdajì kejì ní oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Mùsùlùmí bí i tiwa ni àwọn òbí wọ̀nyí, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ mẹ̀kúnnù. Wọ́n pe ẹjọ́ nílé, wọ́n pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Kánò, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2011 kí ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba 175,000 dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! A kò rò pé ẹnì kan lè wo àwọn òbí wọ̀nyí kí ó ní wọn kò gba kádàrá. Wọ́n gbà á. Wọ́n sin ọmọ wọn, wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n sì béèrè.

Ẹ fetí sí èyí tó kàn yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ti ń bọ́ sọnù. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé bí ẹjọ́ bá kan ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ni ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ ní. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá a, tàbí ilé-ìwòsàn ìjọba ni àṣìṣe ti wáyé, oṣù mẹ́ta. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni idda opó. Obìnrin tí wọ́n bá ní kí ó jókòó títí tí idda rẹ̀ yóò fi parí kí ó tó rí agbẹjọ́rò, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn kí ó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló tì í. Àwọn onímọ̀ mádíhábì Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé gbà pé opó lè jáde lọ́sàn-án fún bùkátà rẹ̀, kí ó sáà ti sun ilé rẹ̀ lálẹ́. Ìrìn láti ibí dé Àkúrẹ́ láti lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ bùkátà. Ẹni tó bá ní kò gbọdọ̀ jáde, kí ó bá a mú agbẹjọ́rò wá sílé.

Àkókò ti àwọn yòókù yàtọ̀ síra. Ti ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ọdún méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni ikú ti bá òṣìṣẹ́, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtánràn òṣìṣẹ́ fún àwọn ẹbí ní ọdún kan láti kọ̀wé béèrè. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú títì, ẹ béèrè ìwé ìbánigbófò rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó ti pẹ́ tí òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ láti ní èyí tó ń dáhùn fún ikú ẹlòmíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 15,000 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń lò fúnra ẹni. A mọ̀ pé àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ lórí ìbánigbófò, ṣùgbọ́n iyàn náà kan ẹni tó ń dá owó. Kò kan ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ kú.

Àwa Mùsùlùmí tún ní ìṣòro kan tí ó jẹ́ tiwa nìkan. A máa ń tètè sin òkú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń sin ín láìgba ìwé kankan. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé, kò sí dókítà tó kọ ohun tó pa á, kò sí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, kò sí nọ́ńbà ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe láti gba ìwé dókítà kí a sì sin òkú lọ́jọ́ kan náà. Kí àwọn kan máa wa ilẹ̀ ní itẹ́, kí ẹnì kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá wá di dandan pé kí a yẹ òkú wò kí òtítọ́ tó lè hàn, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkì ti Rábítà ní Mákà ti gbà á láyè ní ọdún 1987, pé a lè ṣe é dé ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ náà béèrè. Òkú ní ọ̀wọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lára ọ̀wọ̀ náà.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lè kà ní ọjọ́ kẹta. Bí wọ́n bá mú ìrànwọ́ ìsìnkú wá, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìrànwọ́ ìsìnkú ni ẹ gbà.

Èyí ni ohun tí a ní láti sọ. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin, àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ.

Ìwáàsù Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì, nítorí òun náà máa ń wà láàárín wa, ó sì máa ń jókòó sẹ́yìn. Arákùnrin wa, kò sí ẹni tó lé ọ kúrò nínú mọ́sáláṣí yìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹbí bá tilẹ̀ dárí owó ẹ̀mí jì ọ́, kàfárà ṣì wà lọ́rùn rẹ: níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹrú tí a óò dá sílẹ̀ mọ́ láyé yìí, ààwẹ̀ oṣù méjì tó so pọ̀ mọ́ra ni. Àwọn awakọ̀ kan ti gba ààwẹ̀ yìí ní ìlú yìí láìsí ẹni tó mọ̀, kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló pa, irú bí i bàbá tó ń wa ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó lè jogún dúkìá ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí mádíhábì wa ti wí, ṣùgbọ́n kò ní ìpín nínú owó ẹ̀mí.

Ẹ̀sìn kò sì di gbogbo ẹrù náà lé ẹni tó ṣèèṣì lórí nìkan. Àwọn ìbátan rẹ̀ lọ́kùnrin, tí a ń pè ní àkílà, ni wọ́n jọ ń dá owó náà, a sì máa ń pín in sí ọdún mẹ́ta kí ó má baà wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà ayé Sayyidina Umar, a dé ibi tí àwọn tó jọ wà nínú ìwé iṣẹ́ ogun kan náà ti ń dá a fún ara wọn. Èrò tiwa, ẹni tó bá sì mọ̀ jù wá lọ lè tún un ṣe, ni pé ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ yẹ kí ó lè dúró bí àkílà fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Owó tó ń wọlé láràárọ̀ yẹn, apá kan rẹ̀ tó láti gbé opó kan ró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ ní ilé yín, tí ẹ ń da omi sí aláìsàn lára láìkọ́ iṣẹ́ náà, hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Abu Dawud fi yé wa pé ẹni tó bá ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n sí onímọ̀ rẹ̀, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá ti ibẹ̀ wá. Ẹ dẹ́kun.

Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ti gbà pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn alfa méjì yóò máa jókòó nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ láti ṣírò ogún àti owó ẹ̀mí fún ẹni tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Agbẹjọ́rò kan nínú àwọn ará wa ti ṣèlérí láti máa ka ìwé fún àwọn opó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún bá wa sọ fún àwọn tí kò lè wá.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, foríjin àwọn òkú wa, pàápàá àwọn tí ikú òjijì mú lọ lójú títì àti lẹ́nu iṣẹ́. Fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn. Ìwọ Ọlọ́hun wa, di bàbá fún àwọn ọmọ òrukàn ìlú yìí, kí o sì fi ọkàn àwọn tó ń tọ́jú dúkìá wọn sí ipò ìbẹ̀rù Rẹ. Ṣọ́ ojú ọ̀nà wa, láti Ìjàre dé Àkúrẹ́, láti Ọ̀wọ̀ dé Òǹdó. Fún àwọn adájọ́ wa ní òye, fún àwọn tó jẹ gbèsè ẹ̀mí ní agbára láti san án, fún àwọn tí ìbànújẹ́ bá ní sùúrù tó rẹwà. Tẹ́wọ́ gba ìrun wa. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín dọ́gba, kí á gbé ìrun dúró.